Owó Tójú Rẹ̀ Ti Parẹ́

Bí wọ́n bá gbé owó àtijọ́ lé ọ lọ́wọ́, tó ti jẹ tán, tó dán bọ̀rọ́, tí kò sí lẹ́tà kan tó ṣeé kà mọ́, ṣé o lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé owó báyìí-báyìí ni? Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ọ̀rọ̀ yìí kéré lójú o, àmọ́ ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tú wa ká nílé ní Ìrèsì.

Àwọn kan wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń gbé ẹ̀rọ tí ń wá irin kiri inú oko. Wọ́n máa ń hú owó fàdákà kéékèèké jáde, irú èyí tí wọ́n fi òòlù lù láyé àtijọ́. Ohun tó yà mí lẹ́nu nípa owó yẹn ni pé láti 1180 títí di 1247, HENRICVS ni wọ́n ń kọ sí i lára. Bẹ́ẹ̀ Henry Kejì ti kú ní 1189, Richard ti jẹ, John ti jẹ, kó tó kan Henry Kẹta. Ọba ń yí, orúkọ ara owó ò yí. Nítorí náà, ẹni tó tiẹ̀ rí orúkọ náà kà kò tíì mọ ọba tó ni ín. Àmì kéékèèké ni àwọn onímọ̀ ń wò: bí irun ọba ṣe rí, bí wọ́n ṣe gbẹ́ lẹ́tà. Tí àmì bá ti jẹ, olóòótọ́ inú wọn á kọ ọ́ sílẹ̀ pé "1180 sí 1247," á sì pa ẹnu mọ́.

Àwa ò lu owó ní tiwa. Owó ẹyọ làwọn bàbá ńlá wa ná, èyí tó ti òkun Maldives wá, ogójì lórí okùn kan, 20,000 nínú ọ̀kẹ́ kan. Ẹyọ ò ní orúkọ ọba kankan lára. Èyí tá a máa ń rí ní Ìrèsì, bí wọ́n bá wó ilé alámọ̀ tàbí tí àgbàrá bá ṣí ẹ̀yìnkùlé, owó oníhò ni.

Owó oníhò kì í ṣe oríṣi kan. Kọ́bọ̀ ló tóbi jù, ẹ́ẹ̀pìnnì ló tẹ̀ lé e, onínì ló kéré jù, mẹ́wàá rẹ̀ ló ń jẹ́ kọ́bọ̀ kan. 1907 ni òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ ọ́ fún wa, kò sí ọ̀kan tó ṣáájú ìyẹn. Ìràwọ̀ onígun mẹ́fà ló yí ihò náà ká, ọdún á wà nísàlẹ̀. Bí ọdún bá ti parẹ́, wo àwọ̀ rẹ̀: èyí tó funfun ti wà láàárín 1907 sí 1951, èyí tó pọ́n bíi bàbà, 1952 ni tàbí ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi yanrìn bó o kó lè dán! Ìwọ̀nba tó kù lára rẹ̀ lẹ̀ ń bó dànù yẹn. Omi lásán ti tó. Tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe láti òkè, òjìji lẹ́tà lè yọ sí ọ.

(Ẹ jẹ́ n yà díẹ̀. Àwọn ti 1908 ní NIGERIA lára, ọdún mẹ́fà gbáko kí Lugard tó so Àríwá mọ́ Gúúsù. Ti 1936 tún wà tó ń jẹ́ orúkọ Edward Kẹjọ, ọba tó gbé adé sílẹ̀ lóṣù Kejìlá ọdún yẹn gan-an. Àwọn ará ìlú rẹ̀ ò ná owó tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ rí. Àwa ná an, torí owó oníhò ò nílò orí ọba.)

Kọ́bọ̀ funfun kan ló wà lọ́wọ́ ìyá ìyá mi. Wọ́n rí i nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ìdáná. Ìràwọ̀ rẹ̀ hàn fírífírí, ọdún ò sí. Màmá ní owó Kírìjì ni, pé bàbá bàbá àwọn ló mú un bọ̀ láti ojú ogun. Ìgbájọ tí àwọn Ìbàdàn pàgọ́ sí ò kúkú jìnnà sí wa. Àmọ́ 1877 ni ogun yẹn bẹ̀rẹ̀, wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà ní 1886, àgọ́ tú ká ní 1893. Owó tó jáde ní 1907, báwo ló ṣe fẹ́ débẹ̀?

Kò bá má le bẹ́ẹ̀ ká ní ìtàn lásán ni. Ẹ̀gbọ́n màmá mi ti rí ẹni tó fẹ́ ra á. Bó bá jẹ́ owó Kírìjì, wọ́n á san owó gidi. Bó bá jẹ́ kọ́bọ̀ oníhò lásán, ó pọ̀ nígboro. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ sínú ìwé, torí èmi ni mo wà ní yunifásítì. Òrùlé Màmá ń jò. Wọ́n bi mí pé ta ni irọ́ yẹn máa pa lára, ṣé olówó tó ń kó owó àtijọ́ jọ fún fàájì ni?

Ìbéèrè yẹn ò rọrùn. Ẹlòmíì á tún sọ pé kí ló dé tí irin òyìnbó fi ní láti borí ọ̀rọ̀ ẹnu àgbà. Mo gbà pé irin yẹn ò lè sọ pé bàbá ńlá wa ò lọ sí Kírìjì. Wọ́n lè lọ dáadáa. Ohun tó lè sọ ò ju pé òun ò bá wọn lọ.

Mo sọ ọ́ fún Màmá jẹ́jẹ́ pé, "Màmá, ẹ má bínú, ẹ̀yìn ogun ni wọ́n rọ èyí." Wọ́n dákẹ́. Wọ́n fi àtàǹpàkò ra ojú owó náà títí, wọ́n wá ní, "Ó dáa. Ta ló wá fọwọ́ pa ojú ẹ̀ rẹ́ báyìí?"

Ìbéèrè yẹn ló dáhùn ti ẹ̀gbọ́n wọn fún mi. Irin líle kì í jẹ báyìí lọ́jọ́ kan. Ọwọ́ alátẹ iyọ̀ ni, ọwọ́ ẹni tó ń kó owó orí jọ díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ ọmọ tí wọ́n rán lọ ra ẹ̀kọ, etí aṣọ tí wọ́n dì í sí. Títí náírà fi dé ní 1973, irú owó yìí ò sinmi. Bí mo bá kọ "Kírìjì" sí i, àwọn yẹn ni mo gba owó lọ́wọ́ wọn fún jagunjagun. Kò sì sẹ́ni tó ń sọ ìtàn tiwọn, torí wọn ò jagun, wọ́n kàn ń tajà.

Ohun tí mo kọ rèé: "Kọ́bọ̀ oníhò kan. Funfun. 1907 sí 1951. Wọ́n ná an gan-an. Ìrèsì." Ẹni tó fẹ́ rà á kà á, ó ní òun á padà wá. Ẹ̀gbọ́n màmá mi kì í gbé fóònù mi mọ́, òrùlé Màmá sì ń jò síbẹ̀.