Ta Ni Èèwọ̀ Dè?

Ilé ọtí kékeré kan wà láàárín Libreville tí mo fẹ́ràn: tábìlì rẹ̀ kò pọ̀, iná rẹ̀ kò mú ojú, wọ́n sì mọ nyembwe sè, ìyẹn adìẹ inú ọbẹ̀ ẹyìn. Ọtí àpòpọ̀ tí wọ́n fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí ni mo máa ń bèèrè. Ọ̀rẹ́ mi, Àlàájì ará Kétu tó ń taṣọ lọ́jà Mont-Bouët, omi ọ̀pẹ̀-òyìnbó ni tirẹ̀.

Àwọn àáfà kan á ní kò yẹ kó jókòó níbẹ̀ rárá, torí hádíìsì kan kọ jíjókòó nídìí tábìlì tí ọtí ti ń lọ káàkiri. Àlàájì mọ̀ ọ́n. Ó ní oúnjẹ lòun wá jẹ. (Ó sì ń jẹ ẹ́ dáadáa.)

Bí mo bá gbọ́ irú èèwọ̀ báyìí, Ọbàtálá ni mo máa ń rò. Ìtàn ní ẹmu ló yó nígbà tó ń mọ ènìyàn, ni abuké àti àfín bá jáde. Látìgbà náà ni ẹmu ti di èèwọ̀ fáwọn olùsìn rẹ̀. Síbẹ̀, wọn kì í da akèrègbè ẹlòmíràn nù. Àwọn ẹlẹ́sìn Bwiti ní Gabon níbí ń jẹ èèpo gbòǹgbò ibóga láti bá àwọn baba ńlá wọn pàdé. Nínú ilé ìsìn, ọ̀nà ni. Nílé ọtí, ìwà wèrè ni. Ibi ló ń yí nǹkan padà fún wọn. Fún Ọbàtálá, ẹni ni.

Tọ̀dọ̀ Ọbàtálá ni mo fara mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn àáfà náà mọ nǹkan kan: ojú a máa bá ẹnu mu. Àlàájì ti bi mí rí bóyá tèmi dùn.