Àṣírí Ta Là Ń Bò?

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan lọ́dún tó kọjá, mo pe ibi iṣẹ́ bọ̀ọ̀dá mi lórí fóònù, mo ní ibà ló dá wọn dúbúlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé tí mo máa pa irú irọ́ yẹn láàárín oṣù méjì. Ibà kọ́ o. Wọ́n wà lórí àga ní pálọ̀ mi ní Alief níbí, wọ́n sùn lọ pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀, gbogbo pálọ̀ ń rùn fún ọtí. Nọ́ọ̀sì ni mí, mo gboyè yunifásítì lórí ẹ̀, mo mọ ohun tí mò ń wò. Síbẹ̀, nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀, ọkàn mi balẹ̀ pé mo ti bo àṣírí wọn.

Àṣírí ta gan-an ni mo bò? Gbogbo wa là ń gbàdúrà kí Ọlọ́run bo àṣírí wa, mi ò sì sọ pé àdúrà yẹn burú. Ṣùgbọ́n tí mo bá fẹ́ sọ òótọ́, ẹ̀dọ̀ Bọ̀ọ̀dá kọ́ ló ń já mi láyà nígbà yẹn. Ohun tí àwọn ará wa tá a jọ ń pàdé ní àwọn ṣọ́ọ̀bù Bissonnet máa sọ ni. Bọ̀ọ̀dá ló sanwó JAMB mi. Àwọn ló wá gbé mi ní pápákọ̀ òfurufú. Ẹnu wo ni àbúrò fẹ́ fi sọ fún wọn pé, "Ẹ ti ń mutí jù"? Ẹ sì wò ó, a ti sọ ọ̀mùtí di ẹlẹ́rìn-ín. Amos Tutuola fi ọ̀mùtí ẹmu ṣe akọni ìwé ní 1952, fíìmù wa kò sì ṣaláìní ọ̀kan tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Tó bá jẹ́ pé ilé ẹni ló wà, ẹ̀rín ò sí níbẹ̀.

Bọ̀ọ̀dá fúnra wọn ló kọ́kọ́ gbìyànjú. Wọ́n fi ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀, wọn ò fẹnu kan ọtí mọ́. Lọ́jọ́ kejì ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, lọ́jọ́ kẹta wọ́n ń rí kòkòrò lára ògiri tí kò sí kòkòrò kankan. Mo gbé wọn lọ sí ọsibítù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tí ọtí ti wọ̀ lára, tó bá dá a dúró lójijì láìsí dókítà nítòsí, gìrì lè gbé e, ó lè kú. Ẹ má fi ààwẹ̀ dán an wò.

Ọsibítù ló ní ká wá ìpàdé lọ. Àṣé wọ́n pọ̀ ní Houston bẹ́ẹ̀, láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, ti elédè Spanish náà wà. Tẹ́ ẹ bá pe Intergroup ti Alcoholics Anonymous, wọ́n á sọ èyí tó wà nítòsí yín. Ètò Meeting Guide lórí fóònù náà á fi hàn yín. Òmíràn ṣí sílẹ̀ fún ẹbí, òmíràn jẹ́ ti àwọn tó fẹ́ jáwọ́ nìkan. Ẹ̀yin náà ẹ wo ìwà mi: mo fi èyí tí kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ sílẹ̀, mo wa mọ́tò nǹkan bíi wákàtí kan kí Yorùbá kankan má baà rí wa.

Yàrá ṣọ́ọ̀ṣì ni, àga àti kọfí. Kò sí dókítà tó ń dá wọn lẹ́kọ̀ọ́. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ náà nìyẹn ní Akron, Ohio, ní 1935: Bill Wilson tó ń ṣòwò ìpín ìdókòwò, àti Bob Smith, dókítà oníṣẹ́ abẹ, ọ̀mùtí méjì tó ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Wọn kì í gbowó ìforúkọsílẹ̀. Kéèyàn ṣáà ti fẹ́ jáwọ́ ni. Orúkọ kan ṣoṣo ni kálukú ń jẹ́ níbẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti le. Nílé, Olóyè ni wọ́n, Bàbá Ìbejì ni wọ́n. Ọmọkùnrin kan tí wọ́n bí lọ́mọ wá pe orúkọ wọn gbàgà, ó ní ẹ káàbọ̀. Mo rí i tí ojú wọn yí padà. Mo rò pé a máa dìde lọ ni. Wọ́n jókòó.

Àǹtí wa kan ní kí ló dé tá à ń gbé ẹjọ́ ilé fún òyìnbó, ṣé a ò ní pásítọ̀ ni. A ní. Pásítọ̀ ń gbàdúrà, àdúrà ò sì lòdì sí ìpàdé yẹn, wọ́n ń dárúkọ Ọlọ́run níbẹ̀ bí kálukú bá ṣe mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ní aago mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, tí ọtí bá ń pè wọ́n, ẹni tó ti mu ún rí, tó ti jáwọ́, ni wọ́n ń pè. Ìpàdé nìkan kọ́ ni ìwòsàn o. Oògùn bíi naltrexone wà tí dókítà lè kọ. Kì í sì í ṣe gbogbo ẹni tó lọ ló ń jáwọ́.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé àwọn náà ń bo àṣírí. Ohun tẹ́ ẹ bá gbọ́ níbẹ̀, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi í sí. Èmi náà ti ń lọ sí Al-Anon, tó wà fún ẹbí ọ̀mùtí láti 1951, mi ò sì ní sọ ohun tí ẹnikẹ́ni sọ. Ẹ kàn mọ̀ pé kì í ṣe èmi nìkan ló ti fi ibà parọ́ rí. (Bọ̀ọ̀dá ti gbà kí n kọ èyí, wọ́n ní kí n má ṣáà dárúkọ àwọn.) Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ẹni tó ni àṣírí ló kọ́kọ́ ń fi ẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́, kí wọ́n tó bá a bò ó. Èmi bá Bọ̀ọ̀dá bo ohun tí àwọn fúnra wọn ò tíì sọ jáde rí.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, wọ́n tún mu. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, wọ́n ní kí n bá àwọn pe ibi iṣẹ́. Ìkà ni àbí ìfẹ́, mo ṣì ń bi ara mi, ṣùgbọ́n mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ má bínú, mi ò lè pè wọ́n." Wọ́n wò mí bíi pé mo gbá wọn létí. Wọ́n pe ibẹ̀ fúnra wọn, wọ́n sì pàdánù owó ọ̀sẹ̀ yẹn. Wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ títí di Ọjọ́bọ̀. Lọ́jọ́ náà wọ́n ní kí n wá gbé àwọn lọ sí ìpàdé, èyí tó wà nítòsí ilé.