Gbèsè Ilé Àjàlá

Nínú ìtàn àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta tó lọ yan orí nílé Àjàlá, orí tí kálukú gbé bọ̀ ni a sábà máa ń tẹnu mọ́. A kì í fi bẹ́ẹ̀ ronú sí i pé onígbèsè ni Àjàlá fúnra rẹ̀. Ẹni tó ń mọ orí fún gbogbo aráyé kò rówó olówó san; nígbà tí olówó dé, òkè àjà ló gùn lọ fara pamọ́ sí. Afùwàpẹ́, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta náà, ló bá a san gbèsè náà, Àjàlá sì fọwọ́ ara rẹ̀ bá a ṣa orí tó dára. Kí ló dé tí àwọn baba wa fi gbé gbèsè sẹ́nu ọ̀nà àyànmọ́? Ṣé pé owó lè ra kádàrá ni, àbí pé kò sẹ́ni tó ń yan ọ̀nà ayé rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnì kan wà nídìí rẹ̀ tó ń san nǹkan?

Ìbéèrè yìí kúrò ní ọ̀rọ̀ ìtàn lásán nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní Ọ̀fà sọ pé Anthropology lòun fẹ́ kọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn, ẹ̀kọ́ tó ń tú ìgbé ayé ènìyàn àti àṣà rẹ̀ wò finnífinní. Ànàmọ́ ni ẹ̀gbọ́n mi ń tà lọ́jà Ọ̀wọ́dé. Wọ́n ń nu erùpẹ̀ ara rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń tò ó sórí àpò, wọn ò gbójú sókè tí wọ́n fi bi mí pé, "Ìwọ tó o mọ̀wé, ṣé wọ́n ń rí eléyìí jẹ?" Ìbéèrè tó tọ́ ni. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, n kò sì ní fi ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀ bo ebi ọmọ ọlọ́mọ mọ́lẹ̀.

Mo ṣírò rẹ̀ fún wọn. Àjọ NELFUND ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó láìsí èlé, lábẹ́ òfin tí Ààrẹ Tinubu buwọ́ lù lóṣù kẹrin ọdún 2024. Ilé ìwé gan-an ni wọ́n ń san owó ilé ìwé fún. Akẹ́kọ̀ọ́ ń gba ₦20,000 lóṣù fún oúnjẹ àti ọkọ̀. Ó di ọdún méjì lẹ́yìn àgùnbánirọ̀ kí sísan tó bẹ̀rẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́wàá owó oṣù. Bí owó oṣù bá jẹ́ ₦70,000, iye tó kéré jù tí òfin fọwọ́ sí ní 2024, ₦7,000 lọ, ó ku ₦63,000. Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kò sì dájú: ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, àjọ tó ń ṣèwádìí ìlera, iṣẹ́ olùkọ́, ibẹ̀ kò gba èrò púpọ̀.

Láyé àtijọ́, iṣẹ́ ọwọ́ ìwọ̀fà, ẹni tó ń sin olówó nítorí gbèsè, ni èlé. Ojú owó dúró digbí, ìwọ̀fà lè sin olówó títí kí kọ́bọ̀ má dín níbẹ̀. Baba sì lè jẹ gbèsè kó fi ọmọ ṣe ìwọ̀fà. Gbèsè tuntun yìí sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ: kò lélé, orúkọ ẹni tí èrè ń bọ̀ wá bá ló sì wà nínú ìwé. Àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Ní ti ẹ̀kọ́ ìṣirò owó, mo gbà. Ní ti ẹ̀kọ́ nípa ènìyàn, ọkàn mi kò gbà á tán.

Ẹ wo Nathaniel Fadipe, ọmọ Abẹ́òkúta tí wọ́n bí ní 1893. Ó kọ ìwádìí gígùn nípa àwùjọ Yorùbá fún oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù. Ó kú ní 1944. 1970 ni wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ ní ìwé ní Ìbàdàn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ìwọ̀fà ṣe rí, bí a ṣe ń dá èésú, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ṣì ń lọ. Ṣé ẹ̀kọ́ Fadipe lérè? Ó lérè púpọ̀, ṣùgbọ́n èrè náà kò sí lọ́wọ́ Fadipe. Àṣìṣe tó wà nínú ìṣirò mi nìyẹn: èrè irú ìmọ̀ báyìí máa ń tàn ká ìlú, gbèsè rẹ̀ kì í tàn ká. Ọrùn ẹnì kan ló wà.

Ẹlòmíràn yóò ní orí ọmọ náà ló yàn án, ká fi í sílẹ̀. N kò lè sọ bẹ́ẹ̀. A kì í mọ bí àkúnlẹ̀yàn ti rí àfi bí a bá gbé e rìn jìnnà. Owó ilé ìwé kì í dúró de ìgbà yẹn. Síbẹ̀, n kò lè pe ìfẹ́ rẹ̀ ní ìfẹ́ asán. Kí Afùwàpẹ́ tó dé ilé Àjàlá, ó bá oníbodè kan tó ń bu eérú sọ́bẹ̀. Ó dúró, ó béèrè ìdí, ó fún un níyọ̀ tọ́ wò. Oníbodè yìí ló ṣí i létí pé Àjàlá jẹ gbèsè. Owó tó wà lápò rẹ̀ kì bá mọ ibi tí yóò lọ ká ní kò kọ́kọ́ béèrè ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ ọlọ́bẹ̀. Èló ni à ń san fún ẹni tó mọ̀ ọ́n béèrè bẹ́ẹ̀?

Gbèsè kan sì tún wà tí kò sí nínú ìwé àjọ kankan. Bí ọmọ yìí bá padà sí Ọ̀fà láti wádìí ìdí tí ìjàkàdì fi jẹ́ orò ìlú, tí kì í ṣe eré lásán, àwọn àgbà yóò jókòó tì í láti ọ̀sán di alẹ́, wọn ò ní gba kọ́bọ̀. Kí ni yóò fi san án? Bó bá kọ ọ́ ní èdè tí wọn kò gbọ́, tó gba oyè, tó ríṣẹ́ sí Àbújá, tó san ₦7,000 rẹ̀ lóṣooṣù títí tó fi tán, NELFUND yóò sọ pé kò jẹ àwọn ní nǹkan kan mọ́. Ohun tí àwọn àgbà yẹn yóò sọ ni n kò mọ̀, n kò sì tíì rí ẹni tó bi wọ́n.