Ìbò Jíjí àti Ìbò Títà: Èwo Ló Burú Jù?

Bí a bá dárúkọ èrú ìbò ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ọdún 1983 ló máa ń sọ síni lọ́kàn, nígbà tí FEDECO kéde Ọmọ́boríowó ní gómìnà dípò Ajásin. Iná sọ, ẹ̀mí ṣòfò, kí ilé ẹjọ́ tó dá ẹ̀tọ́ padà fún Ajásin.

Ti 1993 yàtọ̀. Ìbò June 12 mọ́, Abíọ́lá ló sì ń mókè. Àwọn ológun ló fagi lé e.

Nínú méjèèjì, olùdìbò ni a rẹ́ jẹ. "Dìbò kí o sebẹ̀" tí a gbọ́ ní Èkìtì ní 2018 wá ńkọ́? Olùdìbò fúnra rẹ̀ ló nawọ́ gba owó. Ẹ̀rọ BVAS lè mọ ẹni tó ni ìka, kò lè mọ ohun tó wà lápò rẹ̀. Adájọ́ lè tú iye ìbò ayédèrú fó, ṣùgbọ́n ìka gidi ló tẹ ìbò tí a tà. Lójú tiwa, ó burú ju àpótí tí wọ́n jí gbé lọ.

Àwọn kan nínú yín ń bi wá pé: bí a bá gbowó wọn, tí a sì dìbò fún ẹni tó wù wá ńkọ́? Rìbá ni. Ànábì (s.a.w.) ṣẹ́bi lé ẹni tó fúnni àti ẹni tó gbà á. Ẹ̀rí jíjẹ́ ni ìbò, a kì í sì í gba owó lórí ẹ̀rí, ìbáà jẹ́ òtítọ́ la fẹ́ sọ. Apẹja tí àwọ̀n rẹ̀ ya, tí ebi ń pa ọmọ rẹ̀, a kò ní fi í wé ẹni tó kó àpò owó wọ ọkọ̀ ojú omi wá bá a. Ẹ̀ṣẹ̀ onítọ̀hún pọ̀ jù ú lọ fíìfíì. Síbẹ̀, owó náà kì í ṣe hàláàlì fún un.