Ta Ni Yóò Fi Ọwọ́ Kejì Fa Ọmọ Mọ́ra?

Àwọn Yorùbá kò kọ ìbáwí. Kò sí ìran wọn kan tí ó ka ọ̀gá alágbẹ̀dẹ sí òṣìkà nítorí pé ó jágbe mọ́ ọmọ iṣẹ́ tí ó sùn lórí ewìrì. Ṣùgbọ́n òwe tí àwọn àgbà pa lórí ọ̀ràn náà kì í ṣe ẹlẹ́sẹ̀ kan. Wọ́n ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, a ó fi ọwọ́ òsì fà á mọ́ra. Ọwọ́ ọ̀tún kò ṣòro láti rí. Bí a dé ilé-ìwé, bí a dé ibi iṣẹ́, a ó bá a níbẹ̀. Ọwọ́ òsì ni a ń wá. Ọ̀kan nínú àwọn ibi tí àìsí rẹ̀ ti hàn gbangba láyé òde òní ni eré bọ́ọ̀lù tí a sọ di iṣẹ́ òòjọ́, níbi tí àgbàlagbà ti ń bá àgbàlagbà wí lójú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn, tí ìwé ìròyìn yóò sì gbé e káàkiri kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2015, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àgbà Nàìjíríà pàgọ́ sí ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù. Sunday Oliseh ni akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn. Vincent Enyeama, aṣọ́lé tí ó ti gbá bọ́ọ̀lù fún orílẹ̀-èdè rẹ̀ ní ìgbà 101, ni gbogbo ènìyàn mọ̀ sí balógun wọn. Ọ̀fọ̀ ìyá rẹ̀ kò jẹ́ kí ó bá wọn lọ sí Tansaníà ní oṣù tí ó ṣáájú. Nígbà tí ó dé ibùdó, ó bá a pé oyè ti bọ́ lọ́wọ́ òun, Ahmed Musa ni ó ti jẹ ẹ́. Ìjà ẹnu ṣẹlẹ̀ níbi ìpàdé ẹgbẹ́. Ohun tí olúkúlùkù sọ sí èkejì, ẹnu wọn kò kò lé e lórí, kò sì sí ìdí láti dá ẹjọ́ náà níhìn-ín. Ohun tí ó dájú ni pé kí ọjọ́ 8 oṣù náà tó parí, Enyeama ti kéde pé òun kò tún bá Nàìjíríà gbá bọ́ọ̀lù mọ́. Ọmọ ọdún 33 ni.

Akọ́nimọ̀ọ́gbá ní ẹ̀tọ́ láti yan balógun tí ó wù ú. Kò sí ẹni tí yóò jiyàn èyí. Ìbéèrè tí ó kù ni bóyá ẹ̀tọ́ láti ṣe nǹkan jẹ́ ẹ̀tọ́ láti ṣe é bó ti wù kí ó rí. Nínú àṣà Yorùbá, ẹni tí ó ti ibi ọ̀fọ̀ dé, a kì í kọ́kọ́ bi í léèrè iṣẹ́. A ó kí i kú ará fẹ́ra kù, a ó sì béèrè bí àwọn ará ilé ti ṣe é. Oyè tí a fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní sá lọ kí ó tó rí àga jókòó sí.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ọ̀ràn náà ti jinlẹ̀ tó, kí ó padà sí ọdún 2002. Nínú ìdíje ife ẹ̀yẹ Áfíríkà tí wọ́n ṣe ní Málì lọ́dún náà, Oliseh gan-an ni balógun Nàìjíríà. Wọ́n ṣe ipò kẹta. Àríyànjiyàn lórí owó àjẹmọ́nú wà láàárín àwọn agbábọ́ọ̀lù àti àwọn aláṣẹ, nígbà tí wọ́n sì délé, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Shaibu Amodu tí ó kọ́ wọn. Nígbà tí a ń pe orúkọ àwọn tí yóò lọ sí ìdíje àgbáyé ní Kòríà àti Jàpáànù, a kò pe Oliseh. Ẹ̀sùn tí a gbọ́ ni pé kò ní ẹ̀kọ́ ìtẹríba. Kí ọdún náà tó parí, òun náà fi ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè sílẹ̀. Ọdún 13 lẹ́yìn èyí ni ó gun àga akọ́nimọ̀ọ́gbá, tí irú ọ̀rọ̀ náà tún ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n tí òun wà ní ìhà kejì tábìlì.

Ẹni tí a nà kò ṣàìkọ́ nǹkan. Ohun tí ó kọ́ gan-an ni ó ṣòro láti mọ̀. Ó lè kọ́ sùúrù, ó lè kọ́ iṣẹ́, ó sì lè kọ́ bí a ti ń na ènìyàn.

Àwọn tí ó gbè sẹ́yìn líle ní ọ̀rọ̀ tí ó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Wọ́n ní ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Wọ́n ní ẹni tí kò bá lè fara da igbe akọ́nimọ̀ọ́gbá ní ibùdó, báwo ni yóò ṣe fara da igbe ọ̀kẹ́ mẹ́ta ènìyàn ní pápá Moshood Abíọ́lá ní Àbújá? Wọ́n á sì wá fi ara wọn ṣe ẹ̀rí: wọ́n nà wá, a sì mọ̀wé. Ẹ̀rí yìí ni ó wọ́pọ̀ jù lọ lẹ́nu àwọn olùkọ́, òun ni ó sì yẹ kí a yẹ̀ wò fínnífínní. Ẹni tí ó là á já nìkan ni ó wà níjòókòó láti jẹ́rìí. Àwọn tí pàṣán lé kúrò ní ilé-ìwé kò sí nínú yàrá àwọn olùkọ́ láti sọ tẹnu wọn. Bí ẹni mẹ́wàá bá kó sínú odò, tí mẹ́ta jáde, tí àwọn mẹ́ta náà wá ń sọ káàkiri pé odò yìí ni ó kọ́ àwọn ní ìwẹ̀, ta ni yóò gbọ́ ti àwọn méje yòókù?

Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo líle ni ìkà. Clemens Westerhof, ará Nẹ́dálándì tí ó kọ́ ẹgbẹ́ Nàìjíríà láti 1989 sí 1994, kì í ṣe ẹni tí ń fi ọ̀rọ̀ dídùn bá ènìyàn ṣeré. Ní Tùnísíà, ní ọjọ́ 10 oṣù kẹrin ọdún 1994, ó fi Stephen Keshi, balógun rẹ̀, sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá ní ọjọ́ àṣekágbá. Àwọn mìíràn ni ó gbá bọ́ọ̀lù náà. Emmanuel Amuneke gbá méjì sáwọ̀n, Nàìjíríà sì fi 2 sí 1 borí Sáḿbíà. Ṣùgbọ́n nígbà tí àkókò tó láti gba ife ẹ̀yẹ, Keshi ni ó gbé e sókè, nítorí pé òun ni balógun. Westerhof gba àyè orí pápá lọ́wọ́ ọkùnrin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yá bíi ti àtijọ́ mọ́. Kò gba orúkọ rẹ̀. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín nǹkan méjèèjì yìí kéré lójú, bẹ́ẹ̀ inú rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Oliseh, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 19 nígbà náà, wà nínú ẹgbẹ́ tí ó lọ sí Tùnísíà.

Keshi náà ti mọ adùn ìyà rí, bí ìyà bá ní adùn. Ní 1985 àjọ tí ń darí bọ́ọ̀lù fi òfin dè é pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan nínú ẹgbẹ́ New Nigeria Bank ti ìlú Benin, nítorí ọ̀rọ̀ àìwá sí ibùdó lásìkò. Ó kó ẹrù rẹ̀, ó gba Abidjan lọ, láti ibẹ̀ ó dé Bẹ́ljíọ̀mù, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà sì tọ ipa ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọn kan a máa sọ pé ìyà náà ni ó sọ ọ́ di ènìyàn ńlá. Ìyà kọ́. Àwọn tí ó gbà á tọwọ́tẹsẹ̀ ní Abidjan ni.

Níbo wá ni ààlà wà? Líle tí iṣẹ́ ń béèrè ní òpin. A ó sáré títí òógùn yóò fi bo ojú, a ó tún un sá nítorí pé àkọ́kọ́ kò dára tó. Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, líle náà parí. Ẹni tí ó ṣe é mọ ohun tí a fẹ́ lọ́wọ́ òun. Ìkà kò ní òpin, nítorí kì í ṣe iṣẹ́ ni ó ń lé kiri, ènìyàn ni. Ní ilẹ̀ Ọsirélíà, níbi tí wọ́n ti ń gbá irú bọ́ọ̀lù kan tiwọn tí a ń fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ gbá, ẹgbẹ́ Adelaide Crows pàdánù ìdíje àṣekágbá ọdún 2017. Ní oṣù kìíní ọdún 2018 àwọn aláṣẹ kó àwọn agbábọ́ọ̀lù lọ sí ibùdó kan láti sọ ọkàn wọn di irin. Eddie Betts, ọ̀kan nínú àwọn ìlú-mọ̀-ọ́n-ká wọn, tí ó jẹ́ ọmọ onílẹ̀ Ọsirélíà, sọ nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 2022 pé ọ̀rọ̀ ìgbà èwe òun tí òun finú han olùdámọ̀ràn kan ni wọ́n padà ń jágbe rẹ̀ mọ́ òun lójú àwọn ẹlẹgbẹ́ òun, àti pé wọ́n fi àṣà àwọn baba òun ṣeré. Ìwádìí tí àjọ wọn ṣe ní 2018 ti sọ pé kò sí òfin tí ẹnikẹ́ni rú. Ó ṣeé ṣe kí ó rí bẹ́ẹ̀ nítòótọ́. Òfin kì í ka gbogbo ohun tí ènìyàn lè ṣe sí ènìyàn. Ẹgbẹ́ náà tọrọ àforíjì ní 2022, lẹ́yìn tí Betts ti kúrò lọ́dọ̀ wọn. Ta ni yóò tún finú han ẹnikẹ́ni nínú ilé bẹ́ẹ̀?

Kò yẹ kí a sọ àwọn agbábọ́ọ̀lù di áńgẹ́lì. Ní oṣù kẹfà ọdún 2013, lẹ́yìn tí wọ́n gbá ọ̀mì pẹ̀lú Nàmíbíà, àwọn agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà kọ̀ láti wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Bùràsíl nítorí pé a dín owó àjẹmọ́nú wọn kù. Keshi, tí ó gba ife ẹ̀yẹ Áfíríkà gẹ́gẹ́ bí akọ́nimọ̀ọ́gbá ní oṣù kejì ọdún kan náà, ni ojú tì jù lọ. Ó sì yẹ kí ojú tì í. Ṣùgbọ́n kò ní ṣàjèjì sí i: ní ọjọ́ kejì tí ó gba ife náà ni òun fúnra rẹ̀ ti sọ pé òun fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀, kí wọ́n tó bẹ̀ ẹ́, àwọn aláṣẹ sì jẹ ẹ́ lówó oṣù púpọ̀ nínú ọdún náà.

Èyí ni ó gbé ọ̀rọ̀ dé Àbújá, níbi tí àjọ NFF fìdí kalẹ̀ sí. Ní ọjọ́ 3 oṣù kejìlá ọdún 2016, àwọn obìnrin Nàìjíríà fi 1 sí 0 borí Kamẹrúùnù ní Yaoundé, wọ́n gba ife ẹ̀yẹ Áfíríkà. Florence Omagbemi, tí ó ti gba ife náà rí gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù, ni ó kọ́ wọn. Wọ́n padà sí Àbújá, a kò san owó wọn. Wọ́n jókòó sí ilé ìtura, wọn kò lọ sílé. Ní ọjọ́ 14, ọjọ́ tí Ààrẹ Buhari ń gbé àbá ìṣúná ọdún 2017 lọ síwájú àwọn aṣòfin, wọ́n tú síta, wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin pẹ̀lú àkọlé lọ́wọ́. Lẹ́yìn ariwo náà ni owó tó jáde. Ẹni tí ó bá ń wá ọwọ́ òsì, ibi yìí gan-an ni ó yẹ kí ó ti bá a: nínú àpò aláṣẹ. Ọ̀gá tí ó kọ́ni níṣẹ́ a máa bọ́ ọmọ iṣẹ́. Ní ọjọ́ òmìnira, òun ni yóò súre fún un. Aláṣẹ tí ó jẹ gbèsè, kí ni yóò fi sọ pé ẹnìkan kò bọ̀wọ̀ fún òun?

Ìbínú àwọn aláṣẹ kì í sì í pẹ́ dé bí owó. Ní 2010, lẹ́yìn tí Nàìjíríà fìdí rẹmi ní Gúúsù Áfíríkà pẹ̀lú máàkì kan ṣoṣo, Ààrẹ Goodluck Jonathan fi òfin de ẹgbẹ́ náà fún ọdún méjì, àti ẹni tí ó jẹ̀bi, àti ẹni tí kò tilẹ̀ fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, nígbà tí FIFA halẹ̀, ó yí ohùn padà. Ní àkókò kan náà ni àwọn aláìmọ̀kan ń fi ikú dẹ́rù ba Sani Kaita nítorí káàdì pupa kan. Ó ṣòro láti sọ pé ohun tí a ṣe ní ìgbèríko kò kọ́ ẹ̀kọ́ lára ohun tí a ṣe ní ààfin.

Oliseh náà jẹ nínú rẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2016, oṣù mẹ́rin péré lẹ́yìn ìjà Bẹ́ljíọ̀mù, ó kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó ní wọn kò pa àdéhùn mọ́, wọ́n jẹ òun lówó, kò sì sí ẹni tí ó ti òun lẹ́yìn. Ẹni tí ó fi ọwọ́ ọ̀tún nìkan ṣe olórí rí i pé ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni àwọn tí ó wà lókè òun náà ní.

Gernot Rohr, tí ó gba iṣẹ́ náà lọ́dún kan náà, ránṣẹ́ sí Enyeama pé kí ó padà wá. Kò padà. Nígbà tí ìdíje àgbáyé dé ní Rọ́ṣíà ní 2018, Francis Uzoho, ọmọ ọdún 19, ni ó dúró sẹ́nu ilé fún Nàìjíríà.