ỌPẸ́ KÌ Í ṢE Ọ̀RỌ̀ ẸNU LÁSÁN



Ní Tẹ̀dé wa níbí, àwọn ọmọ wa ti mọ "thank you" sọ dáadáa. Kò burú. Gbòǹgbò kan náà ni ọ̀rọ̀ náà àti "think", tí í ṣe ríronú, ti wá nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ ọ́ láìronú oore tí a ṣe fún un, ẹnu rẹ̀ nìkan ló dúpẹ́.

Bí a bá dúpẹ́ lọ́wọ́ Òyìnbó, ó lè dáhùn pé "don't mention it", kí a má wulẹ̀ sọ ọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n àwa Yorùbá, bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́, a ó tún kúnlẹ̀, a ó ní, "Ẹ ṣé àná o, mà." Ohun tí adẹ́tẹ̀ kan ṣe nìyẹn nínú Lúùkù 17:11-19. Mẹ́wàá ni Jésù wò sàn. Ọ̀kan ló padà wá, ará Samáríà sì ni.

Ẹ jẹ́ kí a yẹ ara wa wò. A ń sọ "thank you" fún àlejò, ṣùgbọ́n ìgbà wo la dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ tó ń pọnmi fún wa, tàbí obìnrin tó bá wa bó gbáàgúdá títí ilẹ̀ fi ṣú? Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni.

Kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, kí olúkúlùkù wa padà lọ dúpẹ́ oore kan tí a ti gbàgbé. Kí Olúwa fún wa ní ọkàn ọpẹ́. Àmín.