Èrè Tí Kò Dúró De Ọ̀run

Ọ̀rọ̀ kan ti pẹ́ lẹ́nu àwọn ènìyàn wa, pé ọ̀run ni èrè tíṣà wà. Àwọn tí ń sọ ọ́ kò ní ibi lọ́kàn, ṣùgbọ́n lójú tèmi ó ń bu Ọlọ́run kù, ó sì ń bu olùkọ́ kù, bí ẹni pé gbogbo ọdún tí ènìyàn fi dúró níwájú ọmọ ọlọ́mọ jẹ́ gbèsè tí a kò ní san fún un àfi bí ó bá kú. Àlùfáà Israel Oludotun Ransome-Kuti, ẹni tí ó jẹ́ ọ̀gá àgbà ní Abẹ́òkúta Grammar School láti 1932 títí di 1954, mọ bí a ti ń wàásù nípa ọ̀run ju ọ̀pọ̀ wa lọ. Síbẹ̀ òun ni ààrẹ àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ Nàìjíríà tí a dá sílẹ̀ ní 1931, ẹgbẹ́ tí ó ń jà kí owó oṣù àti ìgbé ayé tíṣà lè dára níhìn-ín, lórí ilẹ̀ alààyè.

Ṣùgbọ́n owó oṣù nìkan kọ́ ni a ń wí. Ẹ wo olùkọ́ kíláàsì kìíní tí ó bẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn ọmọdé, tí ó di ọwọ́ rẹ̀ mú pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì lórí síléètì, tí wọ́n jọ ń fa ìlà kan náà lọ, tí wọ́n ń pa á rẹ́, tí wọ́n tún ń fà á, títí olùkọ́ yóò fi mọ̀ ọ́n lára pé ọwọ́ kékeré náà ti ń lọ fúnra rẹ̀. Nígbà náà ni yóò rọra ká ọwọ́ tirẹ̀ kúrò, ọmọ kò tilẹ̀ ní fura. Ẹni tí inú rẹ̀ bá dùn pé a kò nílò òun mọ́, mo gbà pé ó ti rí ẹ̀dá ara rẹ̀.

Àwọn àgbà ní bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, yóò di ọṣẹ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ewé kò lóhùn sí i, nígbà tí olùkọ́ ń tún iṣẹ́ rẹ̀ yàn ní òròòwúrọ̀ tí ó bá ṣí rẹ́jísítà. Lóòótọ́, ọ̀run ni a ti yan orí, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ni í sìn ín dé ibi tí ó yàn.

Ibi tí èmi kò ti bá ọ̀pọ̀ tíṣà rìn ni bí wọ́n ti ń ka àwọn adájọ́ àti dókítà tí wọ́n kọ́, bí ẹni pé àwọn yòókù ṣòfò. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ 1955 kó wọ ilé ìwé ní Ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà kò ju ìwé mẹ́fà lọ kí wọ́n tó padà sóko. Ẹni tí ó bá gbé kòkó rẹ̀ dé iwájú òṣùwọ̀n nínú wọn, tí ó ka nọ́ńbà ibẹ̀ fúnra rẹ̀, tí kò sì sí ẹni tí ó lè rẹ́ ẹ jẹ, iṣẹ́ tíṣà rẹ̀ pé lára rẹ̀ bí ó ti pé lára adájọ́.